Ìyá Mi Ní Pùrósẹ́sọ̀ Ni Mò Ń Ṣe

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, mo lọ kí ìyá mi ní Ọ̀kà, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mò ń tẹ̀ ẹ́ láìgbójú sókè. Ìyá mi ní, "Iṣẹ́ wo gan-an lo ń ṣe ní Ìkàrẹ́ yẹn? Àwọn èèyàn ń bi mí, mi ò mọ èsì tí màá fọ̀." Ẹnì kan ti ń bí mi nínú lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ sì ni èmi kì í ṣe onísùúrù tẹ́lẹ̀. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé ata ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Mo kàn ju èsì sí i: "Pùrósẹ́sọ̀ ni mò ń ṣe, Màámi. Ti sáfà. Ìran tuntun."

Ojú ìyá mi là. "Pùrósẹ́sọ̀! Kí ló dé tó ò ti sọ ọ́ látọjọ́ yìí?"

Ẹ ní láti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ ní Ọ̀kà. Ìyá mi ni alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ládùúgbò wa. Láti ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń wá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń pe ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ní pùrósẹ́sọ̀, tí wọ́n sì ń pe àwọn obìnrin náà fúnra wọn ní pùrósẹ́sọ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ wọn. Tí o bá dúró láàrin ọjà Ọ̀kà tí o ní pùrósẹ́sọ̀ lò ń ṣe, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ lò ń sọ. Sáfà tí mo fi kún un kò da nǹkan kan rú, torí ẹni tó ń bu oúnjẹ fún àlejò níbi ìnáwó ni wọ́n ń pè ní sáfà.

Iṣẹ́ tèmi wá ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ kan tó ní gbọ̀ngàn ńlá tó kún fún kọ̀ǹpútà ló gbà mí. Àwọn kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò ní ojú tí ẹnikẹ́ni ń wò, wọn ò ní bọ́tìnì tí ẹnikẹ́ni ń tẹ̀. Wọ́n tò wọ́n sínú àgbékà irin bí ẹni to abọ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Tí o bá fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ, tí ọmọ rẹ bá ń wo èsì ìdánwò rẹ̀, inú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà yẹn là ń pè ní sáfà, pùrósẹ́sọ̀ sì ni ohun kékeré tó ń ṣe gbogbo ìṣirò inú wọn. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Àwọn tó ń ṣe é kì í sinmi, bí ìran kan bá ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń gbé òmíràn jáde. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa gbẹ̀yìn, ẹyọ kan péré nínú rẹ̀ ní kọ́ọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, kọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe, bí ìgbà tí ọgọ́rùn-ún obìnrin bá jókòó sí yàrá kan náà, tí oníkálukú ń bó ẹ̀gẹ́ tirẹ̀. Èmi ni mo máa ń dán wọn wò kí wọ́n tó kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà lé wọn lórí. Láti yàrá mi ní Ìkàrẹ́, pẹ̀lú sólà lórí òrùlé, ni mo ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn tí mo sì ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé lọ́jọ́ tí ìran tuntun yẹn kọ́kọ́ dá mi lóhùn lójú kọ̀ǹpútà, mo pariwo, ìyàwó onílé wa sì gbé igi sáré wá, ó rò pé ejò ni.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé gbogbo èyí ṣeé sọ fún ìyá ẹni nígbà tí èèyàn ń tẹ fóònù lọ́wọ́? Mo fi ìyá mi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, mo padà sí Ìkàrẹ́.

Ó tó ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ni fóònù mi dún. Ìyá mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí òun tán.

"Lọ́jọ́bọ̀, wá sí Ọ̀kà. Má wá fún wákàtí méjì o, àárọ̀ ni kó o ti dé. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun fẹ́ fún ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀rọ, wọ́n ní ká sọ irú èyí tá a fẹ́, ìjà sì ti fẹ́ tú wa ká. Akọ̀wé rí ẹ̀rọ ńlá kan báyìí nínú fóònù, ó ní òun náà la máa gbà. Mo wá sọ fún wọn pé ọmọ mi mọ pùrósẹ́sọ̀ ìran tuntun, pé òun ló máa bá wa yàn án."

Mo dìde lórí àga. "Màámi, ẹ gbọ́ ná—"

"Mi ò tíì parí. Akọ̀wé ní ẹnu lásán ni. Mo dìde lójú gbogbo wọn, mo ní tí ọmọ mi bá wá tí kò lè tọ́ wa sọ́nà, kí wọ́n gba ipò alága lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣó o gbọ́? Lọ́jọ́ náà."

"Pùrósẹ́sọ̀ tèmi, Màámi—"

"Wọ́n ń pè mí. Ọjọ́bọ̀ o." Ó pa fóònù.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni àyà mi já. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé girama ni ìyá mi ti ń ṣe alága ẹgbẹ́ yẹn. Òun ni wọ́n ń ké sí tí tọkọtaya bá ń jà, òun ni wọ́n ń gbé àga iwájú fún ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí gan-an "Alága" ni wọ́n ń pè é. Ẹnu èmi aláìnísùúrù ló wá fẹ́ gba èyí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pè é padà lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Lẹ́ẹ̀kẹrin ni obìnrin kan bá mi gbé e tó ní, "Alága ń jọ̀ gàrí, ó ní ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́bọ̀."

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, mo gun ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́. Òkè àpáta ń yọjú lọ́tùn-ún, ó ń yọjú lósì, èmi ń kọ́ ọ̀rọ̀ tí màá sọ lẹ́nu, títí ọlọ́kadà fi yíjú padà pé, "Àǹtí, ṣé èmi lẹ ń bá wí?" Mo ní kó kọjú síwájú kó má pa wá.

Wọ́n tó ogún obìnrin tó dúró dè mí lábẹ́ páànù ńlá ibi iṣẹ́ wọn. Orin ni wọ́n fi pàdé mi! Àwọn kan jẹ́ ọmọ Ọ̀kà, àwọn kan ti Ṣúpárè wá lọ́kọ síbẹ̀, àwọn kan wá láti ọ̀nà Ìṣùà, tí èdè ilé wọn yàtọ̀ pátápátá sí tiwa, nítorí náà Yorùbá ilé ìwé ni wọ́n fi ń ṣe ìpàdé. Àlùhájà kan ṣí i pẹ̀lú àdúà, ìyá mi fi orúkọ Jésù kín in lẹ́yìn, gbogbo wa ṣe àmín méjèèjì. Ìyá mi wé gèlè tó máa ń wé lọ sí ìkórè, ó jókòó gbọnin. Mo wojú rẹ̀ títí, kò wo tèmi.

Akọ̀wé ló dìde. Ó ti ṣe tíṣà rí, bírò kì í sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ wa, ẹ káàbọ̀. A gbọ́ pé ẹ mọ pùrósẹ́sọ̀ ìran tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, àpò ẹ̀gẹ́ mélòó ló lè rin lóòjọ́? Ṣé dísẹ̀ ló ń mu ni àbí pẹtiróò?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ lórí ọ̀kadà fò lọ. "Iná mànàmáná ló ń mu," ni mo wí. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Tèmi kì í rin ẹ̀gẹ́."

Mo wá ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣe é: gbọ̀ngàn, sáfà, kọ́ọ̀, àti mẹ́mórì tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ fún kọ́ọ̀. Mo ní dátà sẹ́ńtà ni wọ́n ń pe irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe dárúkọ dátà báyìí, ìyá àgbàlagbà kan dá sí i: "Ibi tí wọ́n ti ń ta dátà? Ti ìsàlẹ̀ ọjà níbí yìí?" Èkejì ti na fóònù rẹ̀ sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi, tí mo bá ti rà á báyìí ló ti tán." Ẹ̀rín bú lábẹ́ páànù yẹn! Wọ́n ń lu ara wọn lẹ́yìn, wọ́n ń nu ojú, èmi náà di òpó mú kí n má ṣubú.

Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ariwo ó lọ sílẹ̀, ó ní, "Alága, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lójú wa."

Ìyá mi dìde wẹ́rẹ́, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Mo sọ ọ́. Àgbà kì í pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà. Ẹ gba—"

"Ẹ dúró ná!"

Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Ata ọjọ́ ìbí mi ló ta mí. Mo yáa kúnlẹ̀ kíá. "Ẹ forí jì mí. Ẹ fún mi di ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí n wo iṣẹ́ yín. Tí mi ò bá rí nǹkan gidi sọ títí oúnjẹ ọ̀sán, ẹ ṣe ohun tó wù yín."

Akọ̀wé wo aago rẹ̀, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní ó dáa.

Ìbínú ni mo kọ́kọ́ fi sọ ọ́, ká sòótọ́. Àfi ìgbà tí mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi ni mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ mi. Nígbà tí ìran tuntun yẹn dé, ọ̀gá mi ti ń jó pé iṣẹ́ yóò yá ní ìlọ́po méjì. Kò yá. Gbogbo wọn ń bú pùrósẹ́sọ̀, wọ́n ní irọ́ ni wọ́n pa fún wa. Èmi ni mo jókòó tì í, tí mo rí i pé àwọn kọ́ọ̀ ọ̀hún ò lọ́ra rárá. Wọ́n jókòó, wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ń retí kí mẹ́mórì gbé iṣẹ́ wá fún wọn, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà mẹ́mórì ti há jù fún wọn. Nígbà tí a la ọ̀nà yẹn, ó kù díẹ̀ kí ọ̀gá mi gbé mi pọ̀n. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi nìyẹn: tí nǹkan bá ń falẹ̀, má tíì wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́, lọ wo ibi tí iṣẹ́ tò sí.

Wọ́n kọ́kọ́ bu gàrí fún mi ná, wọ́n da omi tútù sí i, wọ́n fi ẹ̀pà lé e lórí. Mo bù ú sẹ́nu, ojú mi kákò. Mo fẹ́ràn gàrí kíkan o, ọmọ gàrí ni mí, àmọ́ èyí ti ré kọjá kíkan.

"Màámi, kí ló dé tó kan tó báyìí?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà ń ráhùn. Ẹ̀rọ tó ń lọ́ra yẹn ló fà á."

Mo dìde lọ wo ẹ̀rọ náà. Wọ́n ti pa á. Obìnrin tó ń lò ó jókòó tì í, ó ń di irun fún obìnrin kejì.

"Ìyá, kí lẹ ń dúró dè?"

"Kò síbi tí màá kó o sí mọ́," ó ní, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí irun. "Àwọn àpò tòní yìí ò rí àyè, ti àná wà níbẹ̀, títí dé ti ìjẹrin."

Mo yí lọ sẹ́yìn. Ẹ wá wo àpò! Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin wà nínú wọn, omi ń ro tótó lábẹ́ wọn, wọ́n tò títí dé ẹ̀bá ògiri. Gbogbo wọn ń retí jáàkì kan ṣoṣo, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń gbé mọ́tò, tí wọ́n fi ń tẹ omi ẹ̀gẹ́ jáde. Obìnrin mẹ́ta yí jáàkì yẹn ká, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó kàn. Níbi ìdáná, agbada mẹ́ta ló wà níbẹ̀, iná wà lábẹ́ ẹyọ kan. Ohun tí wọn ì bá yan nínú méjì tó kù ṣì wà nínú àpò, ó ń kan lọ.

Mo fò sókè. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lu itan. "Kì í ṣe ẹ̀rọ! Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ wá, kì í ṣe ẹ̀rọ!"

Wọ́n sáré wá. Mo ní, "Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ lò nínú àpò kó tó kan dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́?" Wọ́n ní ọjọ́ méjì tó. Mo ní, "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?" Wọ́n fìka kà á. Àwọn kan ti lo mẹ́rin. Mo ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń bú yẹn, ọ̀lẹ kọ́ ni, wọ́n ń fún un ní ìsinmi tipátipá ni. Tí wọ́n bá ra èyí tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí ló máa ṣe? Á tètè rin ẹ̀gẹ́ kún ilẹ̀ ni, ẹ̀gẹ́ á sì tún wá tò síwájú jáàkì kan yìí.

Akọ̀wé fa ojú ro. "Jáàkì? Àwọn èèyàn lókè òkun ní àwọn fẹ́ ra ẹ̀rọ ńlá fún wa, ká wá ní jáàkì la fẹ́? Ojú ò ní tì wá?"

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò ná, Mà," mo ní. "Tí mo bá purọ́, ọ̀sán ò tíì pọ́n."

Férémù irin méjì, irú èyí tí wọ́n ń há àpò sí kí jáàkì lè tẹ̀ ẹ́, wà lẹ́yìnkùlé, jáàkì tiwọn ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Adìẹ ló ń sùn lórí wọn. A lé adìẹ, a fọ irin. Ẹni tó wá lọ yá jáàkì lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì etí títì, akọ̀wé fúnra rẹ̀ ni! Ó ní òun kì í fúnni ní ìdánwò kí ẹlòmíràn bá òun gba ìwé. Kò pẹ́ tó fi yọ lókèèrè, jáàkì kan lórí, èkejì lọ́wọ́, bírò ṣì wà nínú irun rẹ̀, mẹkáníìkì kan sì tẹ̀ lé e tó ń bi í pé, "Mà, mọ́tò yín dà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní ẹ wà níbẹ̀! Jáàkì mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ń ṣàn bíi pé òjò rọ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, èéfín ti ń jáde lábẹ́ agbada mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òkìtì àpò ti ń lọ sílẹ̀, obìnrin tó ń dirun ti fi orí oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ láàbọ̀, ó lọ tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹnì kan dá orin, wọ́n gbè é. Inú mi dùn ju ti ọjọ́ tí mo tú ti mẹ́mórì yẹn lọ, torí mẹ́mórì kì í kọrin.

Akọ̀wé pe gbogbo wa jọ. Ó ka ohun tó kọ sókè ketekete: jáàkì àti férémù ni ẹgbẹ́ ń fẹ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó pa ìwé dé, ó yíjú sí ìyá mi, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. "Alága, ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà o jàre." Wọ́n hó yèè. Mo wo ìyá mi, mo rí i tó ń gbọn èjìká bí ọmọge.

Mi ò lọ mọ́ lọ́sàn-án yẹn. Mo bọ́ bàtà, mo jókòó ti agbada pẹ̀lú ìyá mi, òun ń da ẹ̀gẹ́ sí i, èmi ń fi igbá rò ó. Apá ń ro mí, èéfín ń wọ̀ mí lójú. Òòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ìyá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

"Mẹ́mórì tó o sọ yẹn, ṣé inú pùrósẹ́sọ̀ náà ló wà ni, àbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, Màámi."

"Hẹn-ẹn. Bí tíṣà kọ̀ǹpútà tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe yà á fún mi nìyẹn."

Igbá dúró lọ́wọ́ mi. "Ó yà á fún yín? Nígbà wo?"

"Á ti tó ọdún kan. Rò ó, yóò jóná."

Mo ń rò ó, mo ń wò ó. "Màámi. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gẹ́?"

"Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀? Ṣé òpè lo rò pé ó bí ọ ni?"

"Ẹ wá lọ fi ipò yín dúró lójú gbogbo ayé! Tí mi ò bá rí nǹkan kan sọ ńkọ́?"

"Mo mọ̀ pé o ò ní jẹ́ kójú tì mí." Ó bu ẹ̀gẹ́ mìíràn sí agbada, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. "Tí wọ́n bá sì gbà á, kí wọ́n gbà á. Èmi ti rí ọ láti àárọ̀ títí di ìsinsìnyí. Ìgbà wo la ti jókòó pọ̀ báyìí gbẹ̀yìn?"

Mo wá a lọ́kàn mi, mi ò rí i. Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà! Ẹ̀wà tí o bá gbé kaná kò ní tíì rọ̀ tí o fi máa dé. Ìtìjú bò mí, ẹ̀rín sì tún ń pa mí sí bó ṣe mú mi gan-an, àfi bí ẹni mú adìẹ. Omi bọ́ lójú mi, mo ní èéfín ló ń ta mí lójú.

"Ẹ ò bá kàn sọ pé ẹ fẹ́ kí n wá, Màámi."

"Mo sọ," ni ìyá mi wí. "O ní o wà ní mítìn."